Mọ́tò yín ti gbó kọjá àtúnṣe? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó tà á tàbí kẹ́ ẹ fi tọrẹ

Lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri àdúgbò wa dúró níwájú géètì mi. Kò tíì kí mi tán tó fi nawọ́ sí Nissan Primera tí mo pa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ọdún tó kọjá, ó ní, "Dádì, ẹ ò tíì fẹ́ ta kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yìí?" Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù! Mọ́tò tí mo fi sáré ìròyìn káàkiri Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Inú bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti wọlẹ̀, tí koríko ti gba abẹ́ bọ́ǹpà jáde, tí ológbò aládùúgbò ti bímọ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo mọ̀ pé òótọ́ lọmọ náà sọ.

Èmi nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bíi ₦185 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí náírà náà tún já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ti di ohun tí wọ́n kàn ń wò nílé. Owó pááti ti lọ sókè, nítorí pé láti òkè òkun ló ti ń wá. Ẹni tí gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ bàjẹ́ á ṣírò títí, á wá fi tapólì bo mọ́tò, á ní òun á tún un ṣe "tọ́wọ́ bá dẹ̀." Ọwọ́ kì í sì í dẹ̀ bọ̀rọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fi bí ọ̀sẹ̀ méjì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n, láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wa dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, mo tún dé Owódé Onírin. Ohun tí mo kó bọ̀ ni mo tò síbí, mo sì fi ohun tójú èmi fúnra mi ti rí lé e.

Ṣé òkú ni lóòótọ́?

Kẹ́ ẹ tó sọ pé mọ́tò ti kú, ẹ rí i dájú pé òkú ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ọgbọ́n kan tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì kan, kì í ṣe gbogbo wọn o. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì, wọ́n á ní owó tẹ́ ẹ máa fi tún un ṣe á ju owó mọ́tò gan-an lọ, wọ́n á wá fi kún un pé àwọn mọ ẹnì kan tó lè bá yín gbé e kúrò nílẹ̀ ní iye táṣẹ́rẹ́. Tó bá di oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ ó wà nínú dánfó, ẹ ó rí mọ́tò yín tó ń sáré kọjá lọ pẹ̀lú ọ̀dà tuntun. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lásán ló jó, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ gbé mẹkáníìkì mìíràn wá, ẹni tí kò mọ ti àkọ́kọ́ rí, kẹ́ ẹ má sì sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ fún un. Ẹ kàn sanwó wíwò fún un. Ẹ tún fọwọ́ ara yín ká kápẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò sókè, kẹ́ ẹ fi ṣẹ́ẹ̀mù ṣúkù-dráífà gún pákó irin tó wà nísàlẹ̀. Tó bá wọlé bí ìgbà téèyàn ń gún bisikíìtì, ìpata ti jẹ ẹ́ tán, kò sí ẹ́ńjìnnì tuntun tó lè gba irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ là. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀. Ṣásíì tó ti jẹra kò ṣeé fi ẹ̀mí èèyàn tẹ̀ lé lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ìṣirò tèmi kò le. Mo máa ń béèrè iye tí wọ́n ń ta irú mọ́tò kan náà, ọdún kan náà, tí ara rẹ̀ yá. Tí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì iye yẹn, mo ti mọ̀ pé owó mi fẹ́ẹ́ wọgbó. Ẹlòmíì á ní ìdajì ti pọ̀ jù, pé ìdá kan nínú mẹ́ta tó. Ẹ yan èyí tó bá àpò yín mu, ṣùgbọ́n ẹ yàn án kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó, ẹ má ṣe dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ti ra rédíétọ̀, tẹ́ ẹ ti ra kíkísítátà, tẹ́ ẹ wá ń sọ pé "mo ti náwó púpọ̀ sí i, mi ò lè tà á mọ́."

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í rò. Mọ́tò tó dúró sójú kan náà ń jẹ owó. Ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún mọ́tò àdáni ti kúrò ní ₦5,000, ó ti di ₦15,000 láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹni tó bá sì ń sọ ìwé rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún nírètí pé òun á tún un ṣe ń san owó yẹn lórí ohun tí kò kúrò lójú kan. Bátìrì á kú, eku á gé wáyà jẹ, àwọn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnnì á gbẹ. Mọ́tò tó ṣì ń gbaná lónìí, bó tiẹ̀ ń rú èéfín bíi ti ilé iyán, á pa ju èyí tí wọ́n máa fi ọkọ̀ wọ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wá pa tiẹ̀ sójú títì, pàápàá l'Ékòó, kó má jẹ̀ẹ́ kó yà á lẹ́nu tí ìjọba bá lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára, tí wọ́n sì wọ́ ọ lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á

Ẹni tó máa san owó tó pọ̀ jù ni ẹni tó fẹ́ gùn ún bó ṣe wà. Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì tó fẹ́ tún un ṣe tà, ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣe kábù-kábù nígbèríko. Orí Jiji àti Facebook ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí báyìí. Ẹ kọ gbogbo àléébù rẹ̀ síbẹ̀ láìfi bò, torí ẹni tó bá ti Abẹ́òkúta wá wò ó, tó wá bá a pé gíà kejì kì í wọlé, á já owó náà wálẹ̀ tìbínú-tìbínú ni. Ìta gbangba lẹ ti pàdé, lọ́sàn-án gangan. Tí oníbàárà bá fẹ́ wà á wò, ẹ wọlé jókòó tì í, ẹ má sọ̀kalẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti owó, áláàtì orí fóònù kì í ṣe owó. Ẹ wo àkáǹtì yín gan-an, kẹ́ ẹ rí i pé owó ti wọlé, kẹ́ ẹ tó fi mọ́tò sílẹ̀. Áláàtì irọ́ ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹni tí kò ní mọ́tò, tí kò sì ní owó.

Èkejì ni kẹ́ ẹ tú u tà ní wẹ́wẹ́. Ẹ́ńjìnnì, gíàbọ́ọ̀sì, ọ́tánétọ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC, ìlẹ̀kùn, iná iwájú àti tẹ̀yìn, àti kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní bréènì bọ́ọ̀sì, gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ẹni tó ń wá wọn. Tẹ́ ẹ bá ro owó wọn pọ̀, ó lè ju owó mọ́tò odindi lọ. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Àwọn tó ń ta pááti ní Ládípọ̀, tàbí ní Àràròmí tó wà ní Géètì n'Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ràn pááti tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti òkè òkun ju èyí tó ti sìn wá nílé lọ. Èyí tó ti òkè òkun dé ni wọ́n ń pè ní "Béljíọ̀mù," bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì tàbí Japan ló ti wá. Èyí tó ti jẹ kòtò ojú ọ̀nà wa ń jẹ́ "Nàìjíríà yúùsì," owó rẹ̀ sì máa ń relẹ̀. (Ọ̀rọ̀ tó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni "tòkunbọ̀." Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá padà wálé ni. Àwa la fún mọ́tò àlòkù tó gba Kùtọnu wọlé ní orúkọ ọmọ, títí táwọn tí kì í ṣe Yorùbá pàápàá fi ń pè é bẹ́ẹ̀.)

Ẹ̀kẹta ni kẹ́ ẹ tà á bí àjákù irin, lórí ìwọ̀n. Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Mọ́tò kékeré bíi Primera tàbí Corolla máa ń wọn kílò tó lé ní 1,000. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni irin. Ìyókù ni gíláàsì, rọ́bà, ṣíà, àti àwọn irin mìíràn tí owó wọn ju ti irin lásán lọ. Ọmọ tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ kiri kì í wọn nǹkan kan, á kàn fojú díwọ̀n, á pe iye kan. Èyí tó dúró níwájú géètì mi pe iye kan. Nígbà tí mo dé Owódé Onírin, mo bi ọkùnrin kan tó ní òṣùwọ̀n iye tó ń ra kílò kan lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ di púpọ̀, ó ju ìlọ́po méjì iye ti ọmọ yẹn lọ, kódà lẹ́yìn tí mo yọ owó ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ débẹ̀ kúrò. Mi ò ní kọ iye náà síbí, torí ó ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ pe ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè iye kílò. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, kẹ́ ẹ fúnra yín gun òṣùwọ̀n náà kẹ́ ẹ tó gbé irin lé e. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ á tètè mọ̀ tí òṣùwọ̀n bá ń purọ́.

Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wọn irin, ẹ yọ ohun tí kì í ṣe irin kúrò, kẹ́ ẹ tà á lọ́tọ̀. Bàbà wà nínú wáyà àti ọ́tánétọ̀. Àlùmíníọ̀mù wà nínú rímù àlọ́ì, nínú rédíétọ̀, àti lára gíàbọ́ọ̀sì. Ju ìdajì ìwúwo bátìrì lọ ló jẹ́ òjé. Tẹ́ ẹ bá sì ń wo abẹ́ mọ́tò, agolo kan wà lórí páìpù èéfín, nítòsí ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá là á, inú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní kátálísì. Ó ní platinum, palladium àti rhodium díẹ̀díẹ̀ nínú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì wà lára irin tó wọ́n jù láyé. Láti ọdún 1993 ni gbogbo mọ́tò bẹntiróòlù tuntun nílẹ̀ Yúróòpù ti ní láti ní in, nítorí náà tòkunbọ̀ yín lè ti gbé e wọlé. Nígbà tí mo wo abẹ́ tèmi, ibi tó yẹ kó wà ti di páìpù lásán. Mo rántí mẹkáníìkì kan tó sọ fún mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn pé agolo kan ń dí èéfín mọ́tò mi, pé òun á bá mi gé e dànù. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà o.

Ibo ni irin náà ń lọ? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní agbègbè Ìkòròdú àti Ògijo, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fi ṣe ọ̀pá irin ìkọ́lé. Irin tó wà nínú dẹ́kìn ilé yín lè ti jẹ́ Datsun ẹnì kan rí.

Ìwé mọ́tò, ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná

Lọ́dún 2013, mo ta Golf 3 kan. Ọkùnrin tó rà á yá mọ́ni, ó rẹ́rìn-ín púpọ̀, ó san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo kó gbogbo ìwé mọ́tò fún un, mo fi báírò kọ rìsíìtì sórí tákàdá tí mo ya nínú ìwé ọmọ mi, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni mo sì kọ, torí òun náà ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ó ní òun máa lọ yí orúkọ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A bọ ara wa lọ́wọ́, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí láti tésàn ọlọ́pàá kan. Wọ́n ti rí Golf 3 kan tí wọ́n fi kó ẹrù olè, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti sá wọgbó, nígbà tí wọ́n sì wo nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ mi ló jáde. Mo sùn síbẹ̀ mọ́jú. Mo ń sọ pé mo ti tà á, wọ́n ń ní kí n mú ìwé wá. Ìwé wo? Tákàdá ọmọ iléèwé tó ní orúkọ ìnagijẹ? Ìyàwó mi ló wá rántí pé fọganáísà iwájú ilé wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tà á, òun ló wá jẹ́rìí sí i, lọ́yà kan sì tún gbowó lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó ní kí n máa lọ. Owó tí mo ná lọ́jọ́ méjì yẹn ju èrè tí mo jẹ lórí mọ́tò náà lọ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ta mọ́tò fún ẹni tó fẹ́ gùn ún, ẹ má gbà pé òun nìkan ló máa lọ yí orúkọ padà. Ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́nsì ni. L'Ékòó, àjọ tó ń rí sí i ni MVAA. Ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tẹ́ ẹ pè bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn. Kò dìgbà tí lọ́yà bá kọ ọ́, ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun tó wà nínú rẹ̀: orúkọ gidi ẹni tó ń rà á bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ṣásíì àti ti ẹ́ńjìnnì, iye owó, ọjọ́, àti aago tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ yín. Aago yẹn kì í ṣe àṣejù. Tí mọ́tò bá gbá èèyàn láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ ó fẹ́ kí ìwé sọ pé ẹ ti tà á láago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan kó fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bó ṣe wà ni oníbàárà ṣe rà á, kó má baà padà wá lọ́la pé AC rẹ̀ kò tutù.

Tó bá jẹ́ pé ẹ tà á fún àwọn tó máa fọ́ ọ, ọ̀tọ̀ ni ìlànà tiẹ̀. Ẹ má fún wọn ní ìwé mọ́tò rárá. Kò sóhun tí ẹni tó fẹ́ yọ́ irin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ẹni tó bá ń béèrè ìwé mọ́tò tó ti kú lè fẹ́ fi bo mọ́tò olè mọ́lẹ̀, kó mú èyí tó jọ ọ́, kó lẹ nọ́ńbà ṣásíì tiyín mọ́ ọn. Orúkọ yín ló sì máa wà lórí rẹ̀. Ẹ tú nọ́ńbà iwájú àti tẹ̀yìn kúrò, kẹ́ ẹ kó o lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́nsì pẹ̀lú ìwé, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé mọ́tò náà ti di àjákù. Rìsíìtì tẹ́ ẹ máa gbà lọ́wọ́ onírin, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún fífọ́ ló rà á, kì í ṣe fún gígùn.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò olóògbé tún le ju èyí lọ. Ilé kan wà nítòsí wa tí Peugeot 504 bàbá wọn wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún tí bàbá ti kú. Àbúrò tó kẹ́yìn pe onírin wá, ó gbowó. Ìyá méjì ló bí wọn nílé náà, àwọn ọmọ ìyá kejì gbọ́, ó di ìjà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ àdá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló lè ta mọ́tò. Tó bá ti kú, ó di ogún, ọmọ kan ṣoṣo kò sì lágbára láti tà á, kódà kó jẹ́ àkọ́bí. Ilé ẹjọ́ gíga ló máa ń fún ẹbí níwèé àṣẹ àbójútó ogún, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà lórí ìwé yẹn ló máa buwọ́ lu àdéhùn títà. Ní ti bí wọ́n ṣe máa pín owó, àṣà wa mọ ìdí-igi, ó sì mọ orí-ò-jorí. Lọ́dún 1962, nínú ẹjọ́ ogún Dawodu tó dé ìgbìmọ̀ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà gbogboogbò. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan nìyẹn. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ olóògbé yẹn bóyá 504 kì í ṣe ogún.

Ohun tó ń pani nínú mọ́tò àlòkù

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á fẹ́ fò ibí yìí kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó.

Bátìrì àlòkù ní òjé àti ásíìdì. Òjé kì í pariwo, ọpọlọ ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó lé ní 400. Níbí nílẹ̀ wa, ní Ògijo, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì àlòkù wà láàárín ilé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn ṣètò sì ti fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn tó ń gbé ládùúgbò náà. Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì nílé láti yọ òjé rẹ̀ tà, ẹ má da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ ṣe tà á, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bátìrì tuntun ló sì dáa jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ògbólógbòó kí wọ́n tó yọ díẹ̀ lórí owó tuntun.

Ọ́ìlì dúdú tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ní tiẹ̀, àwọn káfíńtà ń fẹ́ ẹ láti fi lé ikán lára pákó, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù náà ń fi í pa inú móòdù. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹni tó bá dà á sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kó wo bí kànga rẹ̀ ṣe jìn tó níbẹ̀.

Táyà ló ń dùn mí jù. Ó ṣì wà láwọn ibi kan tó jẹ́ pé táyà àlòkù ni wọ́n fi ń dáná sun awọ màlúù kí wọ́n tó sọ ọ́ di pọ̀nmọ́. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ títí. Tẹ́ ẹ bá jù táyà mẹ́rin sí ààtàn, ó lè padà sínú ọbẹ̀ yín. Fọganáísà máa ń gba èyí tó ṣì ní ojú díẹ̀. Èyí tó ti tẹ́jú pátápátá, ẹ lù ú nílùkílù lọ́bẹ, kó má ṣeé fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mọ́, kí ẹnì kankan má baà gbé e ta fún onímọ́tò mìíràn, kẹ́ ẹ wá gbin ewébẹ̀ òdòdó sínú rẹ̀. Èyí tí ìyàwó mi fi ṣe àga fáwọn ọmọ wà nílé wa, ó dáa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tọrẹ

Èèyàn kan bi mí pé, ta ló máa fẹ́ ẹ̀bùn òkú mọ́tò? Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ni. Iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ sì máa ń kọ́ ẹ́ńjìnnì lójú pátákó ju bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ dáa fún wọn, torí títú àti títò ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ọ̀gá iléèwé ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí, kẹ́ ẹ má kàn gbé e lọ jù síbẹ̀. Kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ní àyè, bóyá odindi ni wọ́n fẹ́ tàbí ẹ́ńjìnnì nìkan, kí wọ́n sì fún yín níwèé pé àwọn gbà á. Ẹ̀bùn náà nílò ìwé bíi títà. Ẹ yọ nọ́ńbà kúrò.

Ẹ má fi mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ kò mú ta ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ láti máa fi gbé àwọn ọmọ. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún olùtọrẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, òfin tiyín yàtọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní ATF, nìkan ló gbọ́dọ̀ fọ́ mọ́tò. Wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti di àfọ́kù, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn lè dé £1,000. Láti ìgbà tí òfin Scrap Metal Dealers Act ọdún 2013 ti wà, onírin kò gbọ́dọ̀ ka owó sí yín lọ́wọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, báńkì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó bá ń fi owó wéréwéré lọ̀ yín ti ń rú òfin nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú pọ̀ tó ń gba mọ́tò, wọ́n á ní ẹ máa rí àǹfààní owó orí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Tí ẹgbẹ́ náà bá ta mọ́tò yín tí owó rẹ̀ sì ju $500 lọ, iye tí wọ́n tà á gan-an lẹ lè yọ, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rò pé ó tọ́ sí i, ìwé 1098-C ni wọ́n sì máa fi fún yín. Ẹni tí kì í to ìnáwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún IRS kì í sì í sábà rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ fi tó ìjọba Texas létí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ pé mọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì yọ nọ́ńbà rẹ̀. Ní ti àwọn tó fẹ́ fi mọ́tò tó ti kú ránṣẹ́ sílé fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ ro owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti mẹkáníìkì pọ̀ ná. Ìṣòro lẹ̀ ń dì sínú àpótí ránṣẹ́.

Primera mi ti lọ báyìí. Iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ kan gba ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀, olùkọ́ wọn fúnra rẹ̀ ló wá pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, wọ́n tú u ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ìyókù lọ sórí òṣùwọ̀n l'Ówódé Onírin. Mo yọ rímù àti wáyà ná, mo tà wọ́n lọ́tọ̀, bátìrì lọ bá ẹni tó ta tuntun fún mọ́tò ìyàwó mi. Nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì àti rìsíìtì wà nínú àpò ìwé lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa kó wọn lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́nsì. Ológbò yẹn àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sábẹ́ jẹnẹrétọ̀.